Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Sí Àbá Òfin Tó Ń Fi Ọjọ́ Kún Ọjọ́ Iléeṣẹ́ Ẹran Ìgbẹ́ ní Texas

Ní Texas, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́, ẹja àti àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ ikú, inú òfin sì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Abala 11.0111 nínú Parks and Wildlife Code ni kí ẹ ṣí. Gbólóhùn méjì péré ló wà níbẹ̀: òfin Sunset, ìyẹn òfin tó ń dá ọjọ́ ìparí fún iléeṣẹ́ ìjọba, de iléeṣẹ́ yìí, Texas Parks and Wildlife Department, bí ilé aṣòfin kò bá sì fún un ní ọjọ́ mìíràn, ó pa rẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2033. 2021 ni ọdún tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. SB 700, àbá òfin tó kọjá ní ìjókòó ọdún 2021, ló fa igi lé e tó fi 2033 rọ́pò.

Ẹni tó ń dọdẹ, ẹni tó ń pẹja, onílẹ̀ tí àgbọ̀nrín ń jẹ̀ lóko rẹ̀, àti ẹni tó kàn ń kó ọmọ rẹ̀ lọ ṣeré ní ọgbà, gbogbo wọn ló lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ọjà àfìgbà tí ọjà bá ti ń tú. Wọ́n á ya wọ Austin, olú-ìlú Texas, nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí àbá òfin ti wà níwájú gbogbo ilé, wọ́n á máa sá tẹ̀lé aṣòfin tí kò ráyè mí. Ọdún tó ṣáájú ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, nígbà tí kò tíì sí àbá òfin kankan nílẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ lórí ọdún náà ju ibòmíràn lọ.

Ohun tí Sunset ń wò, àti ohun tí kì í wò

Ọdún 1977 ni Texas ṣe òfin Sunset. Chapter 325 nínú Government Code ni. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí náà ni: oòrùn iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àyàfi bí àwọn aṣòfin bá ní kó má wọ̀. Ọdún 12 ló pọ̀ jù tí wọ́n lè fún iléeṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Sunset Advisory Commission ló ń ṣe àyẹ̀wò náà. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀: aṣòfin àgbà 5, aṣojú-ṣòfin 5, àti ará ìlú 2, tí igbákejì gómìnà yan ọ̀kan, tí abẹnugan ilé aṣojú yan ìkejì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló ń tú iléeṣẹ́ wò láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Nǹkan méjì tí ará ìlú máa ń gbé wá jù kò sí nínú iṣẹ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni iye ẹran tí ẹ lè pa àti ọjọ́ tí ìgbà ọdẹ ń ṣí. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 9 tí gómìnà ń yàn, Parks and Wildlife Commission, ló ń pinnu ìyẹn. Inú Title 31 ti Texas Administrative Code ni ẹ ti máa rí i. Ìgbìmọ̀ yìí máa ń gbé àbá rẹ̀ jáde nínú oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n á sì fọwọ́ sí i nínú oṣù Kẹta. Bí tòlótòló ìgbẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ pa kò bá tó yín, ìpàdé oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ. Ìkejì ni owó. Àbá ìṣúná ìpínlẹ̀ ni owó ń bá lọ, àbá òfin ọ̀tọ̀ pátápátá sì ni. Ẹni tó bá dé iwájú Sunset tó ń tọrọ owó láti fi tún ilé ìwẹ̀ ọgbà kan ṣe, tẹ̀rín-tọ̀yàyà ni wọ́n á fi gbọ́ ọ, wọn ò sì ní kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wò ni pé: ta ló ń darí iléeṣẹ́, àṣẹ wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èwo ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èwo ló yẹ kí wọ́n fi kún un, ìwé àṣẹ wo ló ń tà tí kò wúlò mọ́, báwo ló ṣe ń gba ẹ̀sùn, ṣé iléeṣẹ́ mìíràn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ wá ibi tí ohun tó ń dùn yín bá wọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Bí kò bá wọ ibì kankan, ibòmíràn ni kí ẹ gbé e lọ.

Àwọn ọjọ́ tí ẹ máa kọ sára ògiri

Bí òfin ṣe wà yìí, ìròyìn tí iléeṣẹ́ máa fúnra rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Sunset kí ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 2031 tó pé. Ọdún 2032 ni àyẹ̀wò, ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ Sunset, ìjókòó tí ará ìlú ti ń sọ̀rọ̀, àti ìjókòó ìpinnu. Ilé aṣòfin Texas kì í jókòó lọ́dọọdún. Ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni wọ́n ń jókòó, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Kìn-ín-ní, fún ọjọ́ 140 ó pọ̀ jù. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún 2033, ọjọ́ 11, oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n á wọlé. Ọjọ́ 60 ni gbèdéke fún gbígbé àbá òfin wọlé, ìyẹn ọjọ́ 11, oṣù Kẹta. Wọ́n á túká ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún.

Àwọn aṣòfin lè fa ọjọ́ iléeṣẹ́ kan síwájú tàbí kí wọ́n sún un sẹ́yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó. Nítorí náà, lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ tún 11.0111 ṣí, kí ẹ wo ọdún tó wà níbẹ̀. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọdún 2032: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ìròyìn tí iléeṣẹ́ kọ nípa ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ lọ tààrà sí apá tí wọ́n ti ka àwọn ìṣòro ńláńlá iléeṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Tí ìṣòro yín bá wà níbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ yín ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo tábìlì ẹ̀sùn: mélòó ni wọ́n gbà, mélòó ni wọ́n yanjú, ọjọ́ mélòó ló gbà wọ́n.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ Sunset kí ìròyìn tiwọn tó jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé òfin dáàbò bo àwọn ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ fi lè bá wọn sọ̀rọ̀ ní àkókò yìí. Ó yàtọ̀ sí lẹ́tà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa gbé ìyẹn sí, tòun ti orúkọ yín.

Ojú ìwé kan péré ni kí lẹ́tà náà jẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè rí lọ́nà méjì. Èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ rèé:

"Iléeṣẹ́ yìí ń ni àwa tí a ń sin àgbọ̀nrín lára, kí ẹ gbà wá."

Èyí tó máa ṣiṣẹ́ rèé:

"Chapter 43, Subchapter L, ló fún iléeṣẹ́ láṣẹ lórí àgbọ̀nrín tí à ń sìn. Òfin kò sọ iye ọjọ́ tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi dá wa lóhùn tí a bá tọrọ àṣẹ láti gbé ẹran. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èsì pẹ́ lọ́dún tó kọjá, ìwé àti déètì wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. A fẹ́ kí òfin dá iye ọjọ́ kan pàtó, kí iléeṣẹ́ sì máa kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bó bá kọjá ọjọ́ náà."

Abala òfin, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí, ohun tí ẹ ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ sọ irú àtúnṣe tó jẹ́, nítorí méjì ni Sunset ń ṣe. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú òfin kọjá. Èkejì jẹ́ àṣẹ tí wọ́n kàn ń pa fún iléeṣẹ́ pé kó ṣe nǹkan báyìí-báyìí, kò sì nílò ìbò ilé kankan. Bí ohun tí ẹ ń fẹ́ bá ṣeé ṣe pẹ̀lú èkejì, èkejì ni kí ẹ béèrè. Kò sí nínú àbá òfin, kò sì sí ẹni tó máa rí i yọ kúrò nínú rẹ̀ ní òru ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí ilé túká.

Tí ẹ bá ń kọ nípa àgbọ̀nrín, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó le jù ní Texas lẹ ń fọwọ́ kàn. Chronic wasting disease, àrùn ọpọlọ tí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò sì ní ìwòsàn, ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìpínlẹ̀ náà ní 2012, lára àgbọ̀nrín ìgbẹ́ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ní 2015, wọ́n rí i lára àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà, ní Medina County. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń sìn ín àti àwọn tó ń dọdẹ rẹ̀ ti ń fa okùn náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Abala 1.011 nínú Parks and Wildlife Code sọ pé ti gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni ẹran ìgbẹ́, kì í ṣe ti onílẹ̀. Àbá yòówù tó bá fẹ́ fọwọ́ kan abala yẹn, tààrà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúró kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ Sunset bá jáde, ẹ óò rí i pé wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn ìmọ̀ràn inú rẹ̀: 1.1, 1.2, 2.1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa pè láti ìgbà náà lọ. Tí ẹ bá dìde níbi ìjókòó gbogbogbò, gbólóhùn àkọ́kọ́ yín ni orúkọ yín, ẹni tí ẹ ṣojú fún, àti pé ẹ fara mọ́ 2.3 tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, nítorí náà ẹ má kọ ju ọ̀rọ̀ 300 lọ, kí ẹ sì kà á sókè pẹ̀lú aago nílé. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ kí àwọn ọlọ́lá tó jókòó, àárín ọ̀rọ̀ gan-an ni agogo á ti lù ú.

Ilẹ̀kùn kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kàn. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìròyìn náà, tí ará ìlú sì mú wá lẹ́yìn tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tò wọ́n jọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun fún ìjókòó ìpinnu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lè gbé e kalẹ̀ kí wọ́n dìbò lé e lórí. Nítorí náà, tí ìròyìn bá fo ọ̀rọ̀ yín, ẹ má sinmi: ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun, kí ẹ sì wá ọmọ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó máa bá yín gbé e dìde. Tí ìjókòó ìpinnu bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu ará ìlú.

Owó ìwé àṣẹ: ìkòkò tí kò gbọdọ̀ fọ́

Ìwé àṣẹ ọdẹ fún ará Texas jẹ́ dọ́là 25. Kò dà bí owó ńlá. Ṣùgbọ́n òun ló ń fa òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Òfin Pittman-Robertson ti 1937 ni wọ́n fi ń gba owó orí lórí ohun ìjà ọdẹ: 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta, 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn ìléwọ́. Dingell-Johnson, tó wà fún ẹja, tẹ̀ lé e ní 1950. Wọ́n ń pín owó ọdẹ yìí fún àwọn ìpínlẹ̀: ìdajì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ìdajì gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn tó ra ìwé àṣẹ ọdẹ, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó lè gbà ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ lè san tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìpínlẹ̀ wá ìyókù.

Àdéhùn tó so mọ́ ọn ni pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òfin tó sọ pé owó ìwé àṣẹ ọdẹ kò gbọdọ̀ lọ síbòmíràn, àfi ìṣàkóso iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ àti ẹja. Tí àbá òfin bá gbé owó yẹn lọ fún iléeṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí, ìpínlẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ sí owó ìjọba àpapọ̀ títí tó fi máa dá a padà. Inú ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀, 50 CFR Part 80, ni ẹ ti máa ka ìlànà rẹ̀.

Ibi tí àwọn tó ń kọ àbá òfin ti ń kọsẹ̀ ni pé owó nìkan kọ́ ni ìlànà yìí ń ṣọ́. Èlé orí owó náà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi owó ìwé àṣẹ rà náà wà nínú rẹ̀, àti owó tí wọ́n bá rí tí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà. Aṣòfin kan lè kọ gbólóhùn kúkúrú kan pé kí ilẹ̀ báyìí kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ẹran ìgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, láìmọ̀ pé owó ọlọ́dẹ ni wọ́n fi ra ilẹ̀ yẹn. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí "gbé lọ sí" nínú àbá náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: owó wo ni wọ́n fi rà á, inú àpò wo ni owó rẹ̀ ń wọ̀, ta ló máa ná an? Game, Fish and Water Safety Account ni àpò tí owó ìwé àṣẹ ń wọ̀. Ẹ wá orúkọ yẹn káàkiri inú àbá náà.

Bí ẹ ṣe máa ka àbá òfin fúnra rẹ̀

Orí ìkànnì Texas Legislature Online ló máa wà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n fa ìlà sí lábẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ ni wọ́n fi ìlà gba àárín rẹ̀, tí wọ́n sì fi àkámọ́ onígun ká a mọ́. Èyí tí kò ní ìlà kankan ni òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 2021, ohun tí wọ́n ṣe sí 11.0111 kò ju pé 2033 ní ìlà lábẹ́, tí 2021 sì wà nínú àkámọ́. Ìyẹn ni ẹ̀mí iléeṣẹ́ odindi. Ìyókù àbá náà ni ẹrù tí kálukú kó sínú ọkọ̀.

"SECTION" tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ jẹ́ abala àbá náà, "Sec." kékeré ni abala òfin tí wọ́n ń tún ṣe. Tí ẹ bá dàrú àwọn méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà yín, òṣìṣẹ́ aṣòfin tó ń kà á á ti mọ̀ pé àlejò ni yín.

Ẹ má fi apá ìparí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn abala tí wọ́n fẹ́ parẹ́ sí, nọ́ńbà lásán ni wọ́n sì ń kọ, láìkọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí ìwé òfin fúnra yín, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tó mọ ohun tó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ tí òfin á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ má sì ka ẹ̀dà kan kí ẹ sọ pé ó parí. Ìgbìmọ̀ lè fi àbá mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n gbé wá, kí nọ́ńbà rẹ̀ má yí padà. Ẹ wo orúkọ ẹ̀dà tó wà lókè kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Nínú ilé

Ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: ilé àgbà, tó ní aṣòfin 31, àti ilé aṣojú, tó ní 150. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba ẹlẹ́rìí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Capitol, ilé tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó, kí ẹ sọ bóyá ẹ fara mọ́ ọn, ẹ kò fara mọ́ ọn, tàbí ẹ wà láàárín. Nípa ìlànà tí ilé aṣojú ti ń lò, àbá tó wá láti ilé àgbà gbọ́dọ̀ gba ìkàwé kejì lọ́dọ̀ wọn kí ọjọ́ 134 tó kọjá, tí yóò bọ́ sí ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún ní 2033. Ti ilé aṣojú fúnra wọn jẹ́ ọjọ́ 122, ìyẹn ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún ìlànà yìí fọwọ́ sí, ẹ tún un wò nínú oṣù Kìn-ín-ní.

Àbá Sunset ni ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbéra, ìyẹn ni kálukú ṣe ń sáré ju ẹrù tirẹ̀ sí i. Òfin ìpìlẹ̀ Texas, Article III, Section 35, ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àbá òfin gbọ́dọ̀ dá lé. Tí àtúnṣe burúkú kan bá ń bọ̀ tí kò bá iléeṣẹ́ ẹran ìgbẹ́ tan, abala yẹn ni ohun ìjà aṣòfin tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Àmọ́ ohun ìjà olójú méjì ni: àtakò tó bá múlẹ̀ lè da gbogbo àbá náà padà sí ìgbìmọ̀ nígbà tí ọjọ́ ti tán.

Bí àbá bá kú ńkọ́? Wọn kì í ti ìlẹ̀kùn iléeṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òfin Sunset fún un ní ọdún kan láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Gómìnà sì lè pe ìjókòó pàtàkì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní 2009, nígbà tí àbá ti iléeṣẹ́ ìrìnnà àti ti ìbánigbófò kò kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2017 pẹ̀lú Texas Medical Board. Ohun tó ń sọnù nígbà bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe: ọjọ́ nìkan ni wọ́n máa ń sáré fi kún, gbogbo iṣẹ́ ọdún 2032 á sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń tò sẹ́yìn àbá nítorí àtúnṣe kan ṣoṣo, ẹ wá aṣòfin tó máa gbé àtúnṣe yẹn nínú àbá mìíràn pẹ̀lú, kí ọjọ́ 11, oṣù Kẹta tó pé.

Tí ilé bá ti fọwọ́ sí i, gómìnà ní ọjọ́ 10 láìka ọjọ́ Àìkú. Tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 10 tó kẹ́yìn ìjókòó, ó ní ọjọ́ 20 lẹ́yìn tí ilé túká. Bí kò bá buwọ́ lù ú, tí kò sì fagi lé e, ó di òfin.

Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 9 máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlànà tó máa fi òfin tuntun ṣiṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Texas Register, ìwé ìkéde ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kí ọjọ́ 30 sì kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka ìlànà náà pẹ̀lú òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ jà fún ti lè rọ̀. Kí ẹ tó pa fáìlì dé, ẹ ṣí 11.0111 wò, kí ẹ yọ 2 kúrò nínú ọdún tuntun tó wà níbẹ̀. Ọdún tí ẹ bá rí ni iléeṣẹ́ tún máa kọ ìròyìn nípa ara rẹ̀.